Orúkọ Tí Ajíṣẹ́ Kò Mọ̀

Òkúta agbóhùn kẹsàn-án kọ̀, kò fọhùn. Àwọn mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀ létí odò àfọwọ́gbẹ́, láti ilé àwọn agbẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìdí afárá onírin, ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn àlejò, tí àwọn kan nínú wọn ti òṣùpá wá, sì ti pàtẹ́wọ́.

Ohùn àwọn òṣìṣẹ́ tí omi pa nínú ihò abẹ́ òkè lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn ló wà nínú òkúta yìí. Inú akoto wọn ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí ìyàwó tàbí ọkọ olóògbé bá pe orúkọ rẹ̀, òkúta á sọ ohun tí olóògbé sọ kẹ́yìn. Ohùn tí wọn kò bá pè kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, pípa ni wọn yóò pa á rẹ́, kí òkúta lè máa júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi omi tútù fún àlejò.

"Bàbá Móradéké," Àwẹ̀ró, opó ọ̀kan nínú wọn, tún pè.

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni òkúta wí.

Ẹnjiníà Ìbíyẹmí, obìnrin tó ṣe òkúta náà, sún mọ́ ọn. "Màmá, orúkọ inú ìwé ni kí ẹ pè."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi gbé pọ̀. Ẹnu mi ò pe orúkọ yẹn rí."

"Kò sì ní pè é lónìí!" ni Bàbá Ọláwuyì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, fi ìbínú wí. "Kí ìyàwó máa pe ọkọ lórúkọ lójú gbogbo ayé? Ẹ̀rọ yín yìí ò ní ìyá ni?"

"Èmi ni ìyá rẹ̀, bàbá."

"Abájọ."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, bọ̀dá mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré." Ó yíjú sí òkúta. "Akínlàbí."

Ariwo omi ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ohùn dé, bí ẹni pé ọkùnrin náà dúró tì wọ́n.

"Ajíṣẹ́! Bá mi pe Ìyá Móradéké! Kó ti ilẹ̀kùn kẹta, omi ti dé àyà wa!"

Ajíṣẹ́ ni ẹ̀rọ tó ń gbé ìpè jáde láti inú ihò nígbà náà. Ó dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù: "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́."

"Ìyàwó mi ni! Ìyá Móradéké!"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Akínlàbí pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Níkẹyìn ó ní, "Àwẹ̀—" Omi gba ẹnu rẹ̀.

Àlejò kan pàtẹ́wọ́, ó rí i pé òun nìkan ni, ó dáwọ́ dúró. Bàbá Ọláwuyì ti fi fìlà bojú.

"Màmá," ni Ìbíyẹmí wí jẹ́jẹ́, "ta ló wà nídìí ilẹ̀kùn kẹta lọ́jọ́ náà?"

Àwẹ̀ró wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Èmi ni. Mo di ọ̀pá tí a fi ń tì í mú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ń dúró kí wọ́n pè mí."