Tíì Tó Rọ́pò Oyin

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Ṣàmsúdéènì kọ́kọ́ rí Bàṣírátù ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà Áswani, tó ń fi etí ìró nu omi lára agolo Bọ̀nfítà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Sísì, ṣé ẹ ní tíì?"

Ó gbé Bọ̀nfítà fún un.

"Tíì àwọn ará Ṣáínà ni, eléwé. Ọ̀gá wa níbi tá a ti ń hunṣọ n'Ísọlọ̀ fún mi mu kó tó padà sílùú ẹ̀. Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀."

"Ẹ padà wá ní Sátidé."

Bàṣírátù wá a dé Ìdúmọ̀tà. Ó da mílíìkì àti ṣúgà sí i, nítorí kí ni wọ́n ń pè ní tíì láìsí mílíìkì? Ṣàmsúdéènì mu ún tán.

"Ó dùn?"

"Ó dùn gan-an."

Bàṣírátù tọ́ èyí tó kù nínú ìkòkò wò. "Òpùrọ́. Má parọ́ fún mi mọ́." Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Àmọ́ ọdún Údójì ni, tí ìjọba fowó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó ń fọhùn. Bàbá Bàṣírátù, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, ti ṣèlérí ọmọ fún Ọládòṣù oníṣìmẹ́ńtì. Ẹyin lọ̀rọ̀. Bàṣírátù sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Síbẹ̀ Ṣàmsúdéènì ò yéé wá kí bàbá náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọládòṣù àti Ṣàmsúdéènì pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá. Bàṣírátù ti se ewé tíì náà bí àgbo, ó dúdú kirimu. Bàbá ò lè gbé e mì.

"Ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

"Ó dùn, Bàbá," ni Ọládòṣù wí. Ó yíjú sí fèrèsé, ó tu ú sínú hánkáṣíìfù. Bàbá rí i.

"Ìwọ ńkọ́?"

Ṣàmsúdéènì wo Bàṣírátù. "Ó korò, sà. Wọ́n sè é jù. Omi gbígbóná là ń dà lé e. Ẹ jẹ́ n ṣe òmíràn."

Bàbá mu ìyẹn. Ó korò díẹ̀, lẹ́yìn náà adùn kan rọra wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ọládòṣù, forí jì mí. Èmi ni n ó ru ẹ̀bi àdéhùn yìí lọ. Ẹni tí yóò máa sòótọ́ fọ́mọ mi ni mo ń wá."

Nígbà tí Ọládòṣù bínú jáde, Bàbá na ife náà sí Bàṣírátù àti Ṣàmsúdéènì. "Oyin ìdána yín nìyí. Ojú mi ò ní rí ọjọ́ ìgbéyàwó yín."

Kò rí i lóòótọ́. Àsìkò òjò ọdún yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi sin ín. Wọ́n so yìgì wọn láìsí ariwo, àwọn ẹbí ṣì ń nu ojú. Nírọ̀lẹ́, Bàṣírátù gbé ife fún ọkọ rẹ̀.

"Ó dùn?"

"Ó korò."

Bàṣírátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró díẹ̀."