Ògbufọ̀ Màmá

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló yí padà nígbà ayé yín? One thing. Ẹyọ kan péré!"

Ìyá àgbà náà dáwọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà dúró, ó ronú díẹ̀. "Tẹlifóònù," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà sú Dárasími pátápátá. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ìtàn wọn, Míìsì Páàkà, fún wọn kò ṣòro: kí kálukú bi àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ léèrè bí ayé ṣe yí padà lójú rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé-ìwé níbi ìdíje ìtàn gbogbo London, ọkàn Dárasími sì fà sí ipò náà gidigidi. Àgbà ilé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ogun, wọ́n ti ṣe ìwọ́de. Bàbá àgbà ẹnìkan tilẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wó ògiri Berlin. Òun wá rèé nílé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Valence ní London, tẹlifóònù ni wọ́n ń sọ fún un.

"Màmá, ìyẹn kọ́ ni history. Ṣé ẹ ò rí ogun ni? Ṣé ẹ ò jìyà?"

"Mo jìyà dáadáa. Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní P and T, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí ẹnìkan bá fẹ́ pe London..."

"Mo ti gbọ́, Màmá!"

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti kó ìwé rẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ká sòótọ́, ìtàn Màmá máa ń gùn. Kó tó dé ibi kókó, á ti yà kí gbogbo ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní òun fẹ́ gbọ́ ìtàn, tí kò lè jókòó, kí ni ká ti pe ìyẹn?

Lọ́jọ́ kejì, Jonah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, fi í rẹ́rìn-ín. "It's not that deep, fam. Hùmọ̀ ọ́ jàre. Ta ló máa lọ bi grandma ẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni Dárasími ṣe hùmọ̀ ìyá àgbà mìíràn. Ìyá àgbà tuntun yìí wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí London láti kékeré, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn káàkiri àdúgbò Barking nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó sunkún nínú òjò, ó sì ṣáájú ìwọ́de. Màmá gidi ńkọ́? Bàálù ló gbé e wá nígbà tí wọ́n bí Dárasími, kó lè bá wọn wẹ ọmọ, kò sì padà mọ́. Bó bá ti sunkún nínú òjò rí, á jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló fi í sílẹ̀.

Omi bọ́ lójú Míìsì Páàkà bó ṣe ń ka ìtàn náà. Ó mú Dárasími fún ìdíje. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò: ó pe bàbá Dárasími lórí fóònù pé kí Màmá wá bá kíláàsì sọ̀rọ̀.

"Èmi?" Inú Màmá dùn dé ẹ̀yìn. "Wọ́n fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi?"

Nígbà tọ́jọ́ pé, ó wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà wọn. Nítorí pé wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ náà nínú ìjọ, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó fẹsẹ̀ lásán wọlé. Àjà ni Dárasími ń wò.

"Yorùbá ni màá sọ," ni Màmá wí. "Ògbufọ̀ mi rèé."

Lóòótọ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní òpópónà River Road, Dárasími ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fáwọn ọ̀dọ́. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún un: ògbufọ̀ kì í fi tirẹ̀ kún un, kì í sì í yọ níbẹ̀.

"Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn, àti ìwọ́de tí ẹ ṣáájú," ni Míìsì Páàkà wí lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Dárasími yíjú sí Màmá. "Màmá, wọ́n ní kí ẹ máa sọ̀rọ̀."

Màmá wò ó. Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ kò di. "Ògbufọ̀," ó ní jẹ́jẹ́, "ohun tí wọ́n sọ kọ́ nìyẹn."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí kíláàsì. "Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ìdí pátákó oníhò ni mo jókòó sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo ń fi okùn so ìpè pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní London á wọ aṣọ tó dára jù, á ti dé ọ́fíìsì wa láti àárọ̀, á dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá gbọ́ ohùn ọmọ, ẹkún ni. Kó tó sunkún tán, àkókò ti tán. Lónìí, gbogbo yín lẹ ní tẹlifóònù lápò. Ọmọ-ọmọ mi ń sùn lókè yàrá mi, kò ráyè gbọ́ tèmi. Ohun tó yí padà nìyẹn."

Gbogbo kíláàsì ń dúró de ògbufọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi Jonah, Jonah kò sì ní sọ. Bí Dárasími bá fẹ́, ó lè fi ọkọ̀ ojú omi sí i, kó fi ìwọ́de lé e, ìdíje di tirẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Màmá lórí ilẹ̀ tútù yẹn.

Ó wá tú u, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, láì fi kún un, láì yọ níbẹ̀. Nígbà tó dé ibi "ọmọ-ọmọ mi", kò fò ó, ó sọ ọ́ tán. Ó ní, "Miss, irọ́ ni mo kọ. Ẹ má bínú."

Míìsì Páàkà bínú, kò sì fi pamọ́. Kaosarah, ọmọ kíláàsì wọn, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ìdíje, Dárasími sì ní láti tún iṣẹ́ náà ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn relé, Màmá kọjú sí fèrèsé.

"Màmá, ṣé ẹ ń bínú?"

"Mo ń bínú gan-an ni. Mo wà láàyè, o lọ wá ẹlòmíràn fi sípò mi."

Dárasími bú sẹ́kún. Ó mọ̀ báyìí pé ìtàn ayé tí òun ń wá kiri wà nílé àwọn, ó ń ṣa ẹ̀wà, òun ni kò jókòó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ etí sí àgbà ilé rẹ̀, irọ́ ló máa fi dí àyè náà.

Nígbà tó nu ojú tán, ó pa fóònù rẹ̀, ó tì í sínú báàgì. "Màmá, ẹni tó fẹ́ pe London yẹn, báwo ló ṣe jẹ́?"

"Ó gùn o," ni Màmá wí.

"Ẹ máa sọ ọ́, mà."