Tiransifọ́mà Kan, Ẹ̀rọ Méjì

"Kò ní àwọ̀," ni Kóńkó wí. "Àwòrán náà sì tún ń sá lọ sókè."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tún yí bọ́tìnnì tẹlifíṣàn. Ẹnjiníà ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí kò sí rédíò tó bàjẹ́ tí kì í tú. Ṣùgbọ́n géèmù tí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ti ń fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ láti àárọ̀. Ti iná kọ́ ni wàhálà. Òótọ́ ni pé iná ilé fi ìlọ́po méjì ju èyí tí géèmù náà lè gbà lọ, ṣùgbọ́n tiransifọ́mà wà nílé tó ń dín in kù. Àwòrán ni kò bára mu. Bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́hùn-ún kọ́ ni tẹlifíṣàn tiwọn ṣe ń gbà á.

Tiransifọ́mà yẹn gan-an kì í ṣe ti géèmù. Ti Kóńkó ni. Ọmọ náà ní ásímà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di èéfín tútù tí yóò fà símú sì ti òkè òkun wá bákan náà. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ fẹnu kan iná ilé láìsí tiransifọ́mà. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìyá wọn bẹ́ẹ̀.

"Tẹlifíṣàn ilé wa ń gba irú àwòrán méjèèjì," ni ọ̀rẹ́ Ẹnjiníà wí, èyí tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi. "Gbé e, ká lọ."

"Tiransifọ́mà ńkọ́? Bí Kóńkó ò bá lè mí dáadáa ńkọ́?"

"Ṣé ásímà náà ṣe é lánàá ni? Wò ó bó ṣe ń fò kiri. A ò ní pẹ́. Àbí ẹ̀rù màmá ẹ ló ń bà ẹ́?"

Kóńkó di aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Àǹtí mi, ẹ mú mi dání."

"Eruku pọ̀ lọ́nà. Bí àwọ̀ bá ti jáde, màá wá mú ẹ."

Ìyá wọn ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ariwo maṣíìnì kò jẹ́ kó gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí wọ́n sì gbé géèmù àti tiransifọ́mà jáde.

Nílé Lọ́yà, àwọ̀ jáde lóòótọ́. Lọ́yà ń pariwo, Ẹnjiníà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá eruku lu fèrèsé, eruku yẹn ló sì ń wò ju géèmù lọ.

"Mo fẹ́ máa lọ."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i! O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí!"

Ó jókòó padà. Ó borí, kò sì mọ adùn rẹ̀. Ó fa tiransifọ́mà gbígbóná náà yọ, ó fi géèmù sílẹ̀, ó sì sáré padà sílé.

Òórùn rọ́bà tó jóná ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ Kóńkó wà nílẹ̀, ó ti dúdú. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé.

"Màmá ẹ ti gbé e lọ sọ́sibítù," ni obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé wí. "Ọmọ náà ò lè mí mọ́. Wọ́n wá tiransifọ́mà tì, ni wọ́n bá ki ẹ̀rọ bọ iná bẹ́ẹ̀."

Ẹnjiníà sáré dé ọsibítù. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ni mo ba ẹ̀rọ ọmọ mi jẹ́," ni ìyá náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "O sọ fún mi. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ rántí nígbà tí ọmọ ò lè mí?"

"Ẹ̀yin kọ́, màámi. Èmi ni mo gbé e lọ. Géèmù ni mo fi ń ta."

Ìyá rẹ̀ wá rí tiransifọ́mà tó wà lábíyá rẹ̀. Kò bú u. Ó kàn gbójú kúrò lára rẹ̀, ìyẹn sì dun Ẹnjiníà ju igbájú lọ.

Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó yọjú. "Ó ti ń mí dáadáa. Ẹ máa bọ̀."

Kóńkó dùbúlẹ̀, ike tó ń gbé oògùn wá bo imú àti ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí mi, ṣé àwọ̀ ti jáde? Mò ń retí yín."

Ẹnjiníà bú sẹ́kún. Ó mọ iye iná tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó sì mọ ẹni tó ni tiransifọ́mà yẹn kó tó gbé e jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀mí ẹnìkan bá rọ̀ mọ́ nǹkan, ẹ má ṣe yá a lò, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Kóńkó ṣì ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dúró de èsì.