Ọwọ́ Tí Ládélé Pè Ní Mímọ́

Ládélé gbà pé kò sẹ́ni tó mọ́ tó òun ní gbogbo Dagenham, ní London. Sùtánà rẹ̀ máa ń funfun báláú. Níbi iṣẹ́ ẹrù kíkó tó ń ṣe ní Creekmouth nítòsí ibẹ̀, ó máa ń fọwọ́ títí wọ́n á fi máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Ẹnu tó fi ń gbàdúrà náà ló fi ń bú Monísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń bú ajá.

Ọmọkùnrin wọn, Ìtẹ́olúwakìṣí, kò tíì pé oṣù méjì tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò mu ọmú dáadáa mọ́, ó ń bì, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń rùn.

"Dádì Ìtẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù," ni Monísọ́lá wí.

"Ọsibítù kẹ̀? Ìdọ̀tí ẹ ló ń rùn lára ọmọ. Lọ tún un wẹ̀!"

Ó tún un wẹ̀. Ìtọ̀ ṣì ń rùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Ládélé ní kí ìyá àti ọmọ jókòó sínú mọ́tò níta, kí òórùn wọn má bàa ba ilé Ọlọ́run jẹ́. Òun wọlé, ó ń jó. Ẹ gbọ́ o, ó ń jó!

Olúyọmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ló bá wọn níta. Ó fọwọ́ kan ọmọ náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́, ó fi mọ́tò tirẹ̀ gbé wọn lọ sọ́sibítù.

Nígbà tí Ládélé gbọ́, ó fi ìbínú dé bá wọn níbẹ̀. Dókítà ní ó jọ pé kòkòrò àrùn ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ ọmọ náà, àwọn sì fẹ́ gba ìtọ̀ tó mọ́ kí àwọn tó fún un lóògùn. Nọ́ọ̀sì gbé ife kékeré kan fún Monísọ́lá. Ládélé já a gbà.

"Gbé e wá. Èmi ni ọwọ́ mi mọ́."

Ó gbé ife sábẹ́ ọmọ, ó ń dúró. Nígbà tí ọmọ náà jàjà tọ̀, Ládélé kánjú, ìka rẹ̀ sì wọ inú ìtọ̀.

Nọ́ọ̀sì dà á nù. "Kò ṣe é lò mọ́, sà. Ọwọ́ yín ti kó ìdọ̀tí sí i."

Wọn ò lè dúró mọ́. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ ọmọ náà, wọ́n fi fa ìtọ̀ jáde. Ládélé ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí.

Olúyọmí ò tù ú nínú. "Ọwọ́ tó o gbójú lé nìyẹn. Ṣé òun náà lo fẹ́ gbé dé iwájú Jésù? Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ nìkan ló lè wẹ̀ ẹ́. Bẹ̀ Ẹ́ níbi tó o wà yìí."

Ládélé kúnlẹ̀ pẹ̀lú sùtánà lórí ilẹ̀ ọsibítù. "Jésù, èmi gan-an ni mo dọ̀tí. Ṣàánú mi." Jésù sì gbọ́.

Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Monísọ́lá ní, "Olúwa lè tètè dárí jì yín. Èmi ò tíì lè ṣe é."

Oògùn ṣiṣẹ́, ọmọ náà yè. Ládélé kì í bú ìyàwó rẹ̀ mọ́. Òun ló ń fọ aṣọ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ inú Ìtẹ́ wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àrùn tó pẹ́ lára rẹ̀ ti dá àpá sára kíndìnrín rẹ̀ kan. Kò lè kúrò mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, tó o rò pé o mọ́, ta ni ìwọ náà fi sílẹ̀ sínú mọ́tò? Ronú pìwà dà lónìí. Jésù ò ní lé ọ, kò lé Ládélé. Ṣùgbọ́n ká ní Ládélé ti kúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kó sì jẹ́ kí wọ́n tètè gbé ọmọ lọ sọ́sibítù ni, kíndìnrín ọmọ rẹ̀ ì bá má lápàá.