Ẹ̀wù Tí Kò Bọ́

Orí ìkúnlẹ̀ ni awakọ̀ kan ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin kan nínú ọgbà ìdánwò irúgbìn, nínú òjò winniwinni, tó ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ akọ inú òdòdó àlìkámà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń bá wọn wí bí ẹni ń di irun fún ọmọ aláìgbọràn. Ojú ẹsẹ̀ ni awakọ̀ náà gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ wá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá àlìkámà.”

“Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ wọ ẹ̀wù tó wà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì bọ́ ọ bẹ́ ẹ bá ń jáde.”

“Ṣé ẹ̀rù mi ń bà yín ni?”

“Ẹ̀rù ohun tẹ́ ẹ máa gbé lọ ló ń bà mí.”

Àlìkámà tí wọ́n ń gbìn nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọbìnrin náà: ó ń da irú méjì pọ̀ kó lè rí èyí tí àrùn ò lè pa. Àrùn kan máa ń fi lẹ́búlẹ́bú pupa bo ewé rẹ̀ bí irin tó dógùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ́n lẹ́búlẹ́bú yìí sórí ebè ìdánwò, kó lè mọ irúgbìn tí kò ní kú.

Ọkà ni awakọ̀ náà ń kó lọ sílé ìlọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í kú níwájú ọgbà náà.

“Ọkọ̀ ẹ yìí mà burú o.”

“Ó mọ ibi tó wù ú ni, àyànfẹ́ mi.”

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà ní òun máa fẹ́ ẹ, ayọ̀ ò jẹ́ kí ọmọbìnrin náà ronú. Ó sáré jáde, ó dì mọ́ ọn tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́. Ọkùnrin náà gba àárín oko àlìkámà bàbá rẹ̀ kọjá láti lọ ròyìn fún un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ewé àlìkámà etí ọ̀nà náà pọ́n. Lẹ́yìn náà, gbogbo oko. Bàbá fi àtàǹpàkò nu ewé kan, àtàǹpàkò náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ọmọbìnrin náà nìkan ló mọ ibi tí àrùn ti wá. Ì bá dákẹ́. Síbẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá.

“Bàbá, ẹ̀wù mi ni. Mi ò bọ́ ọ kí n tó dì mọ́ ọmọ yín.”

Bàbá ò pariwo. “Má wọ ilé yìí mọ́.”

“Kí ló dé tó o sọ fún wọn?” Omi ti gba ojú ọkùnrin náà.

“Mi ò lè gbé irọ́ wọlé ọkọ.”

Ọdún méjì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wáyà ọgbà. Oko di igbó koríko, ojú bàbá sì ń ṣókùnkùn. Ó dùn wọ́n gan-an, àmọ́ kò sí èyí tó lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Ní ọdún kẹta, nínú irinwó ebè, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò pọ́n. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn rẹ̀ rán ọkùnrin náà. Ó gbìn ín sábẹ́ fèrèsé bàbá, ó gbin ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti àtijọ́ pọ́n, ó kú tán.

Ọkùnrin náà di bàbá lọ́wọ́ mú jáde. Bàbá fi àtàǹpàkò nu ewé tó kù, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

“Ṣé ó pọ́n?”

“Rárá, bàbá.”

Ebè kan ò lè di búrẹ́dì, bàbá sì mọ̀ pé òun ò ní sí láyé nígbà tí gbogbo oko bá tún kún. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn ọgbà, nínú òjò.

“Ta nìyẹn?”

“Òun ni, bàbá.”

“Ní kó bọ́ ẹ̀wù yẹn síta. Kí ìyàwó wa máa wọlé bọ̀, òtútù ti mú un jù.”