Ẹsẹ̀ Àga Tí Wọ́n Gé

Ọjọ́ tí Akọ̀wé kọ́kọ́ fojú kan káfíńtà náà, kò rí ọkọ rárá. Ìdọ̀tí ló rí. Èérún pákó kún orí ọkùnrin náà, pẹ́ńsùlù há sẹ́yìn etí rẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ kan dúdú, èkejì funfun. Akọ̀wé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì yínmú.

"Aago mẹ́sàn-án lẹ dá fún mi," ó ní. "Mọ́kànlá ti lù."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ìlẹ̀kùn kan ló dá mi dúró."

"Ṣé ìlẹ̀kùn náà dì yín lẹ́sẹ̀ mú ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tún wá dá kún ìbínú Akọ̀wé. Ó ṣáájú rẹ̀ wọ pálọ̀ láìsọ pé kó máa bọ̀.

Apá àga kan ló kán. Àǹtí Agbẹ̀bí ló ni àga náà, ẹ̀gbọ́n bàbá Akọ̀wé, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú. Ọdún méjìdínlógójì ni obìnrin yìí fi gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ, kó tó di pé egungun ìbàdí tirẹ̀ jẹ tán. Oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n fi irin rọ́pò egungun náà. Dókítà ti ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní irin náà wà ní ààyè rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣòro fún dókítà láti sọ, nítorí ìdí dókítà kọ́ ló ń dùn. Ìgbàkígbà tí Àǹtí bá fẹ́ dìde, á fi gbogbo agbára tẹ apá àga, á kérora, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Bí apá àga náà ṣe kán nìyẹn.

Àwọn ẹbí sì ń bọ̀ wá kí i. Kí ni kí n sọ nípa àwọn ẹbí yìí? Gbogbo wọn ló mọ oògùn tó yẹ kó lò, kò sí ọ̀kan tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé garawa ìwẹ̀ rẹ̀ sí. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Akọ̀wé, tó ń kó fáìlì jọ ní ọ́fíìsì láti àárọ̀, ló ń bọ̀ wálé wẹ̀ ẹ́, tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, tó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó sì ti gbà nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní lọ sílé ọkọ. Ta ni kí òun fi ìyá náà sílẹ̀ fún?

Káfíńtà fa téèpù yọ, ó wọn apá àga. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún un wọ̀n.

"Ṣé ó ti gùn sí i ni?" Akọ̀wé bi í.

"Kò gùn sí i. Èmi ni mo lè ti ṣì í wọ̀n. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Tún-un-wọ̀n nìyẹn." Ó yíjú sí Àǹtí Agbẹ̀bí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n rí bí ẹ ṣe ń lò ó."

Àǹtí jókòó. Ó wọlẹ̀ lọ, wọlẹ̀ lọ, títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àyà rẹ̀ dọ́gba. Ọkùnrin náà ní kó dìde. Ó gbọ́ bó ṣe kérora. Ó gbé àga náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ta ló gé ẹsẹ̀ àga yìí?"

"Kò sẹ́ni tó gé e," Akọ̀wé ní. "Bí wọ́n ṣe kàn án nìyẹn."

"Ojú ayùn nìyí, Àǹtí. Kò sí káfíńtà tó ń kan àga tuntun tí kì í fá ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀." Ó dojú èkejì délẹ̀. Ó dojú ẹ̀kẹta délẹ̀. Gbogbo àga tó wà nínú pálọ̀ ni wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, àfi ẹyọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àga Ọ̀gá Àgbà ni.

Ọ̀gá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n Àǹtí Agbẹ̀bí, òun ló nilé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé, lórí pèpéle gíga, tó ń wo orí ọmọ ọlọ́mọ nísàlẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí kò sí pèpéle mọ́, ó ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ àga àwọn ará ilé rẹ̀.

Àǹtí Agbẹ̀bí bú sẹ́rìn-ín títí ìdí fi ta á. "Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì náà ni! Mo sì rò pé ọjọ́ ogbó ló dé, tí àga fi ń jìn sí mi."

"Àwọn nọ́ọ̀sì ò sọ pé orúnkún yín ò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ?" Tún-un-wọ̀n bèèrè. "Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún bàbá mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa nìyẹn."

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé," Àǹtí Agbẹ̀bí dáhùn. " Wọ́n kó ìwé fún olórí ẹbí. Olórí ẹbí buwọ́ lù ú, ó sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Ojú ti Akọ̀wé. Òun tó ń wá ìwé fún gbogbo ayé ní ọ́fíìsì, kò bèèrè ìwé yìí rí. Tìmùtìmù ló rà sórí àga, tìmùtìmù náà sì ń wọlẹ̀ pẹ̀lú Àǹtí ni.

Káfíńtà gé igi mẹ́rin, ó gbẹ́ ihò sí wọn lórí, ó ki ẹsẹ̀ àga bọ̀ wọ́n. Àǹtí jókòó, ó sì dìde. Ó tún jókòó, ó tún dìde.

"Ó ṣì ń dùn mí o," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí, èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀."

Akọ̀wé tún ọkùnrin náà wò. Ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kánjú. Inú bí i sí ara rẹ̀ pé òun ń wo ọwọ́ káfíńtà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Àgbà wọlé, ó jókòó, ó wò yíká. Orí àbúrò rẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìka kan.

"Ta ló gbé àga sókè nínú ilé mi?"

"Nítorí ìdí mi ni, ẹ̀gbọ́n mi," Àǹtí dáhùn.

"Ìdí kò ju ipò lọ. Ẹ yọ ọ́."

Kò sí ẹni tó dìde. Bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin wá kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń mí helehele, ó ń yọ igi lábẹ́ àga aláìsàn. Irú àgbà wo nìyẹn? Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jáde láàárọ̀, Akọ̀wé á ki igi bọ abẹ́ àga. Bó bá ti dé nírọ̀lẹ́, á yọ ọ́. Ìrora Àǹtí sì ń lọ, ó ń bọ̀.

Tún-un-wọ̀n kò yé wá. Ọjọ́ Sátidé yìí, ó kan ọ̀pá ìdìmú mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sókè, ibi tí Ọ̀gá Àgbà kò ní lè bá ẹnikẹ́ni du ipò. Lẹ́yìn iṣẹ́, òun àti Akọ̀wé á mú Àǹtí láàárín, wọ́n á rìn dé ìkángun àdúgbò, wọ́n á padà. Ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ju ìrìn náà lọ.

"O ò bínú sí mi mọ́?" ó bi Akọ̀wé lọ́jọ́ kan.

"Mo ṣì ń bínú. Okùn bàtà yẹn ń bí mi nínú."

"Ọ̀wọ́n mi, màá ra òmíràn."

Ọ̀wọ́n mi. Ó gbọ́ ọ, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn títí ó fi sùn. Kò pẹ́ tó fi di pé ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ọkùnrin náà ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó dáhùn pé, "Àǹtí mi ńkọ́?" Tún-un-wọ̀n ní ilé òun kò ju òpópónà méjì lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ní òun á rò ó.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀gá Àgbà, Máníjà ilé ìfowópamọ́, wá kí wọn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń wá mi orí lé Àǹtí lórí, kó tó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Tún-un-wọ̀n ti ní kí Akọ̀wé fi òun han àwọn ẹbí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbé àpótí iṣẹ́ dání, torí ọ̀pá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń mì. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ta nìyí?" Ọ̀gá Àgbà bèèrè.

Akọ̀wé wo bàtà Máníjà tó ń dán. Ó wo okùn dúdú àti okùn funfun.

"Káfíńtà ni, Bàbá. Àga ló wá tún ṣe."

Ẹyin lohùn. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kúkú bá wa wo ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn. Ó ń han."

Tún-un-wọ̀n lọ wò ó lóòótọ́. Ó fi òróró sí i, ó ṣí i, ó tì í, kò han mọ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Àǹtí," ó sọ fún Akọ̀wé, bó ṣe pè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì lọ.

Sátidé mẹ́ta kọjá, kò wá. Akọ̀wé ń sọkún níbi tó ti ń fọ aṣọ. Àǹtí Agbẹ̀bí fi í sílẹ̀ kó sọkún tó, ó wá pè é.

"Kí ló dé tó ò lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Bí mo bá fẹ́ ẹ, ta ló máa tọ́jú yín?"

Ìyá náà pòṣé. "Má fi ìdí mi ṣe àwáwí o. Ìdí mi ń dùn mí, ó sì lè máa dùn mí títí màá fi kú. Ṣé ìdí mi ló ní kó o sẹ́ ọkùnrin nítorí bàtà? Ẹ̀gbọ́n mi gé ẹsẹ̀ àga kí òun lè ga, ìwọ náà gé ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀. Mo rò pé èmi ni mo tọ́ ẹ ni, àṣé òun ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún Akọ̀wé dé egungun. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Tún-un-wọ̀n ń fá pákó, oníbàárà méjì jókòó ti ara wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?"

"Má pè mí ní Àǹtí. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo wá bẹ̀ ẹ́."

Ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. "Mi ò bínú pé o pè mí ní káfíńtà. Iṣẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé o kọ́kọ́ wo bàtà mi kó o tó la ẹnu. Pálọ̀ lo ti sọ ọ́. Pálọ̀ ni kó o ti lọ tún un sọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akọ̀wé dúró síwájú àga Ọ̀gá Àgbà.

"Bàbá, ọkùnrin tó wá lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́ ni. Irọ́ ni mo pa."

"Káfíńtà?"

"Káfíńtà, Bàbá."

"Ìwọ tó o kàwé tó báyìí?"

"Ìwé náà ni kò jẹ́ kí n tètè gbọ́n."

Ọ̀gá Àgbà fi ọ̀pá na ilẹ̀. "Ta ló máa wá máa wẹ àbúrò mi? Ta ló máa máa gbé omi?"

"Hẹn-ẹn!" Àǹtí Agbẹ̀bí ké láti inú àga rẹ̀. "Oṣù mọ́kànlá rèé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bèèrè ẹni tó ń gbé omi rí. Ọmọ yìí ń lọ. Ó ń fẹ́ kí n bá òun lọ, mo kọ̀, mi ò kì í tẹ̀ lé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ẹ̀yin lẹ máa gbé omi, ìyàwó yín á máa wẹ̀ mí. Ọ̀la ni káfíńtà máa wá kan igi yẹn mọ́ àga mi pa. Bí ẹ bá yọ ọ́, màá kó lọ sílé ìwé yín àtijọ́, màá jókòó sẹ́nu géètì, màá sì máa sọ ohun tó gbé mi débẹ̀ fún ẹni tó bá ń kọjá."

Ọ̀gá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ àga. Ó mọ̀ pé á ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé lọ sọ fún Tún-un-wọ̀n, ó wá kan igi náà pẹ̀lú ìṣó, Ọ̀gá Àgbà sì jókòó síbẹ̀ tó ń wò ó.

Ọjọ́ ìgbéyàwó, èèyàn mẹ́sàn-án péré ló wà ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá Àgbà wá. Òun ló gbé báàgì àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé ìdọ̀tí. Àǹtí Agbẹ̀bí kọ ìjókòó, ó ní òun kò ní jókòó wo ọmọ òun. Ó dúró ti ìyàwó, ọ̀pá ní ọwọ́ kan, ọwọ́ òsì Akọ̀wé lábẹ́ apá rẹ̀ kejì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Gbogbo ara ló fi ń gba ìrora náà mọ́ra.

"Ìyàwó, ẹ na ọwọ́ òsì yín fún òrùka," obìnrin tó ń so wọ́n pọ̀ sọ.

Akọ̀wé kò nà án. Ó wo Àǹtí. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan á wá gbà á dúró. Àwọn ẹbí ń wo fèrèsé.

"Àǹtí, ẹ máa ṣubú."

"Ṣé èmi lò ń fẹ́ ni? Fi mí sílẹ̀ jàre."

Akọ̀wé fi í sílẹ̀, ó na ọwọ́ òsì. Ìyá náà mì lọ sọ́tùn-ún, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó nà ró. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Yára, ọmọ mi," ó sọ fún káfíńtà. "Ìdí ń dùn mí."