Ẹnì Kan Tó Ṣẹ́kù Nínú Ìwé

Ìwọ̀n ló fa ọ̀rọ̀ láàárín Sìkírátù àti Tòhíbù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà gbé páálí kan wá sí ọ́fíìsì kágò ní Al Muraqqabat, ní Dubai, ó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Sìkírátù fẹ́ gbé e lé ìwọ̀n, àmọ́ Tòhíbù na ọwọ́ dá a dúró.

"Àǹtí, ẹ dúró ná. Kò sí nǹkan kan lórí ìwọ̀n yín, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn òdo. Ó fi ààbọ̀ kílò dín. Ẹ máa gba owó tó kéré lọ́wọ́ mi."

Sìkírátù wò ó láti òkè délẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń di ẹrù, kò tíì rí oníbàárà tó máa ń tú àṣírí ohun tó máa ṣe é láǹfààní.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Síkúrù-díráfà," Tòhíbù fèsì. Ó dojú ìwọ̀n dé, ó yí irin kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìwọ̀n sì padà sórí òdo.

Ọdún 2009 ni. Ọrọ̀ ajé ti wó lulẹ̀ ní Dubai, àwọn kireenì dúró gbagidi lórí ilé tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ parí. Ọkùnrin á fẹnu ko obìnrin lónìí, tó bá dọ̀la, fóònù rẹ̀ ò ní lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí Sìkírátù ò fi gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún, ìfẹ́ Tòhíbù ti wọ̀ ọ́ lára. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bur Dubai, níbi tí Tòhíbù háyà bedspace sí, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá àjọgbé, á máa ṣàlàyé fún un bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe ń fa omi. Ohùn rẹ̀ máa ń tù ú lára.

"Olólùfẹ́ mi, fẹ́ mi," ni Tòhíbù sọ lọ́jọ́ kan.

Ọ́fíìsì kágò máa tì lóṣù yẹn, visa Sìkírátù á sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá gbà, wọ́n á ṣe yìgì kó tó di ìgbà yẹn. Bí kò bá gbà, Èkó ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mùráínà, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní Sharjah, fẹ́ pe bàbá wọn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ láti fún un lésì.

Ohun kan ló ń dí Sìkírátù lọ́wọ́. Gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni Tòhíbù máa ń pòórá fún wákàtí mẹ́ta. "Mo ń bá bàbá kan ṣiṣẹ́ ní Al Quoz" ni gbogbo àlàyé tó máa ń ṣe. Lọ́jọ́rú, ìwé kan yọ jáde nínú báàgì Tòhíbù. Sìkírátù ṣí i. Àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ilà tí wọ́n fi pa àwọn kan rẹ́.

Bí ìwé púùlù bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, lọ́dún tó fi tẹ́tẹ́ ta ilé wọn nù.

"Khalas! Ó parí!" ni Mùráínà pariwo nígbà tó gbọ́. "Onítẹ́tẹ́ kan ti lé wa jáde nílé, o tún fẹ́ lọ fẹ́ òmíràn? Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i ná."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tọ ipasẹ̀ Tòhíbù dé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Quoz. Bàbá ará Amẹ́ríkà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, Tòhíbù sì tẹ̀ ba orí ìwé.

"Sìkírá! Ta ló mú ọ wá?"

"Ẹsẹ̀ mi. Ta lò ń bá kọ tẹ́tẹ́?"

Ẹnu ya Tòhíbù, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ Sìkírátù nínú.

"Bésíbọ́ọ̀lù ni," ó wí. "Eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ọdún 1931, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé tiwọn náà wó, ilé iṣẹ́ bàbá tó bí bàbá yìí tì, ó bá lọ ń gbá bọ́ọ̀lù gbowó. Ọdún kan péré ni ẹgbẹ́ náà fi wà. Ìwé wọn rèé, ó ti ń jẹrà. Mo ń dà á kọ."

"Onítẹ́tẹ́ náà máa ń ní àlàyé."

"Kà á fúnra rẹ, nígbà náà. Gbogbo ẹni tó bá jáde wá gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n á lé e jáde, tàbí kó sá yípo délé, ìyẹn ibi tó ti gbéra, tàbí kó há sójú ọ̀nà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bá iye àwọn tó jáde mu."

Èyí yé Sìkírátù. Bó ṣe ń yẹ kágò wò nìyẹn: èyí tó lọ, èyí tó padà, èyí tó ṣì wà nílẹ̀. Ó fa àga. Ojú ewé àkọ́kọ́: mẹ́tàdínlógójì jáde. Wọ́n lé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mẹ́ta délé, méje há. Ó pé. Ó ṣí ewé lọ. Gbogbo rẹ̀ ń pé, títí ó fi dé ojú ewé kọkànlélógójì. Mọ́kàndínlógójì jáde, àmọ́ méjìdínlógójì péré ló rí.

"Ẹnì kan ṣẹ́kù," ó wí, ohùn rẹ̀ le. "Ibí lo ti purọ́."

"Mo mọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wò ó. Àpótí rẹ̀ ṣófo nínú ìwé àtijọ́, ìsàlẹ̀ ewé sì ti já dànù. Ó lè délé, ó lè há. Ìwé ò sọ."

Bàbá arúgbó náà mí kanlẹ̀, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá Sìkírátù sọ̀rọ̀. "Bàbá mi lẹni yẹn. Mo bẹ ọkùnrin rẹ pé kó kọ ọ́ pé ó délé. Mo ní bó bá kọ̀, màá wá ẹlòmíràn. Ó ṣì kọ̀."

"Ìlà kan péré ni, Tòhíbù," Sìkírátù wí pẹ̀lẹ́, ó ń dán an wò. "Ta ló máa mọ̀? Inú bàbá á dùn."

"Èmi á mọ̀, olólùfẹ́. Wọ́n á wá máa kà á fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí òótọ́."

Sìkírátù wo àpótí òfìfo náà títí. Ààbọ̀ kílò ló rántí. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ìfura tó kó wá láti Sharjah rọ̀ lára rẹ̀, ìtìjú sì gba ipò rẹ̀. Ó yọ fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pe bàbá. Ẹ ní mo gbà."

"Tẹ́tẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ bóyá ó délé ni."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Màá ṣàlàyé. Ẹ ṣáà pè wọ́n." Ó pa fóònù, ó yíjú sí Tòhíbù. "Àmọ́ láti òní lọ, ìwé yòówù tí o bá ń kọ, màá rí i."

"Yalla, ó yá, fa àga sún mọ́ mi," ni Tòhíbù fèsì. "Ojú ewé mọ́kàndínlógún ló kù."

Wọ́n so yìgì wọn ní Sharjah, ọ̀sẹ̀ kan kí visa Sìkírátù tó parí. Bàbá ará Amẹ́ríkà náà wá, ó gbé ìwé tuntun náà sábẹ́ abíyá. Ó ṣí ojú ewé kọkànlélógójì han Mùráínà, ó sì fi ìka lé àpótí tó ṣófo.

"Bàbá mi rèé," ó wí.